Àgbéyẹ̀wò Fluid Film Lábẹ́ Sienna Tòkunbọ̀ Létí Òkun Èkó

Fluid Film jẹ́ epo tí a ń fọ́n sára irin kí ó má baà dípẹtà. Láńólíìnì ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ń yọ lára irun àgùntàn. Inú agolo tí a ń tẹ̀ lórí kí ó lè fọ́n ni mo ra tèmi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nínú gálọ́ọ̀nù fún ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Mo fọ́n ọn sí abẹ́ Toyota Sienna ọdún 2008 mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, mo sì jẹ́ kí òjò ọdún kan gbáko rọ̀ lé e lórí kí n tó jókòó kọ èyí. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi lábẹ́ ọkọ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ dọ́gba, kò sì lè ṣe ohunkóhun fún irin tí ìpẹtà ti jẹ tán.

Ọ̀pọ̀ Sienna tí ń wọ Èkó ni ó ti Amẹ́ríkà àti Kánádà wá. Èyí tí wọ́n bá lò níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́ ti jẹ iyọ̀ yó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́. Ní ọdún 2010, Toyota pe nǹkan bí 600,000 Sienna padà fún àtúnṣe ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà, láti orí ti ọdún 1998 títí dé ti 2010, nítorí pé okùn irin tí ó gbé sípíà táyà rọ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lè dípẹtà títí tí yóò fi já, tí táyà yóò sì bọ́ sójú ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun wo Sienna tí òun fẹ́ rà, okùn yẹn ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wò ṣáájú ẹ́ńjìnì. Ẹni tí ń ta ọkọ̀ lè fọ ẹ́ńjìnì kí ó máa dán, ṣùgbọ́n kì í sábà rántí okùn.

Àwọn kan gbà pé bí ọkọ̀ bá ti kúrò nínú yìnyín, ìpẹtà rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pàápàá fún àwa tí ń gbé ní ọ̀nà Ajah. Iyọ̀ tí ó ti wọ inú ìsopọ̀ irin a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ wa sì kún fún omi lọ́pọ̀lọpọ̀ oṣù, tí irin náà fi ń tutù nígbà tí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun tún ń gbé iyọ̀ tirẹ̀ wá, àgbàrá ojú títì sì ń bọ́ sí i lábẹ́ nígbà òjò.

Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì wa ń lò ni ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò tán. “Ọ̀gá mi, ẹ má wulẹ̀ náwó, kọ́ńdẹ́mù ti tó o,” ni èyí tí ń tún ọkọ̀ mi ṣe sọ fún mi. Mi ò ní jiyàn pé kò dí omi lọ́nà fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èérí àti ásíìdì tí ó kó nínú ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń kán sí ilẹ̀ tí kànga wa wà. Èyí tí mo kórìíra jù ni ọ̀dà dúdú tí àwọn kan ń fín sí abẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e síta fún títà. Bí ó bá gbẹ, a máa sán, omi a gba ojú ibi tí ó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Wọ́n ti fín in sí abẹ́ tèmi náà. Nígbà tí mo fi ẹnu sukurudíráfà kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, odindi awẹ́ kan ṣí kúrò, inú rẹ̀ pupa, ó sì ń ṣí ní ìpele-ìpele.

Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ gba àkókò ju fífọ́n lọ. A gbé ọkọ̀ sórí kòtò, a fi omi alágbára fọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, a sì tú ìdọ̀tí tí ó dí àwọn ihò kékeré abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí omi ti yẹ kí ó máa jáde. Ó gbẹ nínú oòrùn kí a tó fi bọ́ròṣì oníwáyà ha gbogbo ohun tí ó lè ṣí. Ibi tí ó ti lu, wẹ́dà gé e, ó sì jo irin tuntun mọ́ ọn. Iṣẹ́ wẹ́dà gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí epo yìí lè gbiná.

Fífọ́n fúnra rẹ̀ rọrùn. Ẹ má jẹ́ kí ó kan díìsì àti páàdì bíréèkì, ẹ má sì fọ́n ọn sí sàlẹ́ńsà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èéfín ni ẹ ó máa fà. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn kìlọ̀ pé ó lè mú rọ́bà àdánidá wú, nítorí náà mo fi lailọ́ọ̀nù wé àwọn búṣìn, ìyẹn àwọn rọ́bà tí ó wà ní oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni bí ó ṣe ń rìn. Mo fọ́n ọn sí apá kan ìsopọ̀ irin méjì nírọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rinrin rẹ̀ ti yọ sí apá kejì tí ẹnu agolo kò dé rárá. Kò sí ọ̀dà tí ó lè ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ inú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó ní àwọn àléébù tí ó bá gbogbo epo láńólíìnì rìn. Ó ń rùn bí àgbò tí òjò pa, ìyàwó mi sì ní kí n gbé ọkọ̀ náà jìnnà sí fèrèsé títí òórùn yẹn fi lọ. Kì í gbẹ, nítorí náà eruku ọyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí mẹkáníìkì tí yóò wọ abẹ́ rẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ yóò mọ́. Nínú ihò táyà, níbi tí omi àti òkúta ti ń ta lù ú, òjò ti fọ púpọ̀ rẹ̀ lọ kí oṣù Kẹjọ tó dé. Ṣùgbọ́n ara páìpù bíréèkì, okùn sípíà táyà àti inú ìsopọ̀ gbogbo, epo ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì rí ìpẹtà tuntun. Nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú láìlo kẹrosíìnì tàbí òòlù, ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó ní kọ́ńdẹ́mù ti tó sì bi mí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ ohun tí yóò fín lẹ́ẹ̀kan tí yóò gbàgbé rẹ̀, owó ṣòfò ni, nítorí ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ tún un fọ́n, agolo kan kò sì lè kárí abẹ́ Sienna. Kí òjò àkọ́kọ́ tó dé ni mo máa fọ́n tèmi. Ní ti ihò táyà, mo máa tún ibẹ̀ fọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ.