Ìwé atọ́nà kékeré lórí Winston Churchill: bí mo ṣe rí i

Ọmọ mi obìnrin ń múra ìdánwò ìtàn, ló bá ní, "Dádì, ta ni Churchill yìí gan-an?" Mi ò rí nǹkan sọ ju Ogun Hítílà lọ. Èyí ló mú mi ra ìwé atọ́nà kan tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ̀ nípa olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ó ti tó oṣù méjì tí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé.

Ibi tó dáa, ó dáa gan-an. Atọ́ka ẹ̀yìn rẹ̀ péye: wá Dardanelles, ọ̀nà omi kan ní Tọ́kì, níbẹ̀, kíá lo ti dé 1915, nígbà tí ìjà Gallipoli ba orúkọ ọkùnrin náà jẹ́, tó sì pàdánù ipò rẹ̀ lórí ọmọ ogun ojú omi. Ó sọ bó ṣe di Olóòtú Ìjọba ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1940, ọjọ́ kan náà tí Hitler ya wọ Bẹ́ljíọ̀m àti Họ́lándì. Ohun tó ya ọmọ mi lẹ́nu jù ni pé Jámánì ò tíì túúbá pẹ́ tí àwọn ará ìlú Churchill fi fi ìbò lé e lọ ní oṣù Keje 1945. Orí ojú ìwé yẹn ni ilẹ̀ ṣú bá wa.

Ṣùgbọ́n ó já mi kulẹ̀ lórí àdéhùn Atlantic Charter. Ìlà mẹ́ta péré! Churchill àti Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, pàdé lórí omi Newfoundland ní oṣù Kẹjọ 1941, wọ́n ní kí ọmọ aráyé máa yan irú ìjọba tó wù wọ́n. Ó tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Attlee, tí òun àti Churchill jọ ń ṣèjọba, lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU ní London, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ladipo Solanke ọmọ Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1925, ó ní àdéhùn náà kan aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Churchill dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ Nazi ni àwọn ní lọ́kàn. Lẹ́yìn ìyẹn náà ni àwọn ọmọ wa tún lọ jagun fún un ní Bọ́mà. Báwo ni wọ́n ṣe fo èyí?

Bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣèdánwò, ẹ rà á, ọjọ́ àti orúkọ inú rẹ̀ ṣeé gbára lé. Èmi ti kọ ọ̀rọ̀ Attlee àti WASU sínú bébà, mo sì ti fi há àárín ojú ìwé náà.