Ìtọ́jú ọtí tí ẹ̀gbọ́n mi gbà ní Tanke: iṣẹ́ wọn dára, owó oògùn ni kò ṣe é dé

Awakọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Àjàṣẹ́-Ìpo la ń gbé. Ọtí inú ọ̀rá ló ń mu. Kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti já mẹ́ta, torí bí kò bá mu ún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè di ìdarí ọkọ̀ mú. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Tanke, ní Ìlọrin, ni mo gbé e lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe é dáadáa. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀mùtí. "Bàbá, ẹ jókòó" ni wọ́n ń wí. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kó má dá ọtí dúró lójijì nílé, torí gìrì lè mú un, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Ó sùn síbẹ̀ fọ́jọ́ márùn-ún. Wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń pẹ̀rọ̀ sí ara gbígbọ̀n, wọ́n sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1. Lẹ́yìn náà ni dókítà yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, ó sì bi í bóyá ó ń lo tramadol, oògùn ìrora tó le, torí naltrexone, oògùn tó fẹ́ kọ fún un, kò gbọ́dọ̀ bá irú rẹ̀ pàdé lára. Ó ní rárá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: hóró kan, mílígíráàmù 50, lójoojúmọ́. Oògùn náà kì í jẹ́ kí ọpọlọ rí adùn ọtí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó pè mí: "Àbúrò, mo já ọ̀rá kan lánàá. Kò dùn mọ́ mi. Mo da ìyókù nù." Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Owó oògùn náà ló ń bà mí nínú jẹ́. Hóró kan wọ́n ju gbogbo ọtí tí ẹ̀gbọ́n mi ń mu láàárọ̀ lọ, ọgbọ̀n hóró ni wọ́n sì ń tà lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í já a. Mo wá a dé gbogbo kẹ́míìsì Àjàṣẹ́, mo dé Ọ̀fà. Wọ́n ní Èkó ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Lọ́dún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ọtí ọ̀rá ńkọ́? Ó wà lórí àtẹ ní gbogbo gáréèjì.

A máa ń pàdé bàbá kan ní ilé ìwòsàn náà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi jíìpù gbé wá. Àìsàn kan náà ló ń ṣe òun àti ẹ̀gbọ́n mi, oògùn kan náà ni wọ́n ń lò. Ti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń rà fún un. Tiwa tán, ó sì di ọjọ́ mọ́kànlá kí n tó kó àjọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi padà sídìí ọtí. Nínú agboolé wa, wọ́n ní kò tíì ṣetán láti fi í sílẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa bàbá oníjíìpù, oògùn tirẹ̀ kò tán rí.

Mo bẹ àwọn tó ni ilé ìwòsàn náà: ẹ máa tà á ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ̀yin tó ń ti ìlú míì wá, ọkọ̀ àárọ̀ kùtù sí Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin ni kí ẹ wọ̀, èrò máa ń pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti tún bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Hóró mẹ́rìndínlógún ló kù nínú páálí.