N95, FFP2, FFP3 àbí P100: Èwo Lẹ Máa Rà?

Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ́ ẹ ń ha pákó, àtẹ̀yin tí eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kẹ́ ẹ mí dáadáa, ohun tí wọ́n kọ sára ìbòmú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó béèrè iye tó jẹ́.

N95 ti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún eruku tí wọ́n fi dán an wò, ó kéré tán. FFP2 ti Yúróòpù ń mú ìdá 94, FFP3 ń mú 99. P100 ló ga jù, 99.97 ni tiẹ̀. KN95 ti Ṣáínà ò kéré sí N95 lórí ìwé, àmọ́ etí ni wọ́n sábà máa ń fi okùn rẹ̀ há. Ẹ̀yìn orí ni okùn N95 ń gbà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ojú.

Ọ̀pọ̀ rò pé bí asẹ́ ògì ni ìbòmú ṣe ń ṣiṣẹ́, pé eruku tó bá ti kéré ju ihò lọ á kọjá. Rárá o. Eruku ńlá máa ń sáré forí sọ fọ́nrán inú rẹ̀. Èyí tó kéré jọjọ kì í rìn tààrà, ó ń ta síbí ta sọ́hùn-ún títí á fi kan fọ́nrán. Àwọn àárín, tí wọ́n tó 0.3 máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) tàbí tí wọ́n dín díẹ̀, ló ṣòro mú jù, irú wọn ni wọ́n sì fi ń dán an wò. Agbára iná tí wọ́n fi sára fọ́nrán ló ń fà wọ́n mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ fọ ìbòmú yìí, ẹ má sì fi spirit nù ún. Agbára yẹn á ti lọ, ojú ò sì ní rí i.

Ṣé P100 onírọ́bà, ìyẹn ìbòmú rọ́bà tí wọ́n ń de asẹ́ P100 mọ́, wá dáa ju N95 lọ? Asẹ́ rẹ̀ dáa jù ú lọ lóòótọ́, òróró ò sì lè bà á jẹ́ bó ṣe ń ba N95 jẹ́. Síbẹ̀, ipele kan náà ni OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi àwọn méjèèjì sí: ìdá kan nínú mẹ́wàá eruku ṣì lè wọlé. Etí ìbòmú ló ń gbà wọlé. Irùngbọ̀n ló sì burú jù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èémí síta tí atẹ́gùn kan ojú yín, ẹ tún irin imú N95 yín tẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tó ń ha pákó lójoojúmọ́, kó ra onírọ́bà, kó máa pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀. N95 tó fún ọyẹ́. Ẹni tó ń fín ọ̀dà nílò asẹ́ tó ní èédú nínú pẹ̀lú. Ní ti èéfín jẹnẹrétọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá carbon monoxide, gáàsì olóró inú rẹ̀, dúró. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé.