Wáìnì gbígbóná, wáìnì tútù àti ìkọ́kọrẹ́ Ìyá: alẹ́ wa n'Íjẹ̀bú-Òde

Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ìgò wáìnì yẹn ti yọ sókè díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé tábìlì wa, èmi ni mi ò tètè rí i. Ohun tó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi pé ọmọ ọdún 70, la bá ní ká gbé wọn jáde lọ jẹun alẹ́. Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ni, àwọn ará Èkó ò tíì padà tán, gbogbo ìlú kún. Ilé oúnjẹ tá a lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ibẹ̀ mọ́, àga wọn dáa, jẹnẹrétọ̀ wọn ò pariwo.

Mo ní kí wọ́n gbé Pinotage, wáìnì pupa kan, wá, ₦28,000 ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Mo fẹ́ràn wáìnì yẹn gan-an, ti Gúúsù Áfíríkà ni, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Perold ló fi oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, bí i ní Stellenbosch lọ́dún 1925, tó bá dáa, wàá gbọ́ òórùn èso dúdú àti èéfín igi díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀. Wétà ṣí i, ó bù ú fún wa. Mo fọwọ́ kan ìgò, ó gbóná! Mi ò sọ pé kò tutù o, ó gbóná, bí àgbo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó ń rùn bí èso tí wọ́n sè jù, ó wá kan mọ́ mi lẹ́nu bí ọtí kíkan. Ìyá mu díẹ̀, wọ́n fún ojú pọ̀, wọ́n rọra gbé gíláàsì kalẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìyá tí kì í dákẹ́!

Mo pe wétà. Ó ní, "Àǹtí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, wáìnì pupa kì í dùn." Mo ní wáìnì yìí ti bàjẹ́. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ní níbo lẹ ń kó wọn sí, ó wá nawọ́ sí pẹpẹ kan lókè ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, níbi tí ooru gáàsì ti ń fẹ́ sí wọn láràárọ̀ lálaalẹ́. Ooru ló ń mú kí wáìnì wú nínú ìgò, á ti kọ́ọ̀kì sókè, atẹ́gùn á wọlé, ó parí nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo lẹ máa bu ògùrọ̀ ìjẹta fún tẹ́ ẹ máa ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Kí ló dé tó wá jẹ́ pé tó bá ti jẹ́ ọtí inú ìgò, ohun tí wọ́n bá gbé fún wa la gbọ́dọ̀ mu?

Mánéjà dé, kò tiẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ní a ti ṣí i, àwọn ò lè gbà á padà. Ohùn mi ti ń lọ sókè, ọkọ mi ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe jáde láti kíṣìnì, épúrọ́ọ̀nù ṣì wà lára ẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Kí lẹ fẹ́ jẹ?" Wọ́n ní ìkọ́kọrẹ́. Ó ní tí pupa yẹn bá tiẹ̀ dáa, á jẹ́ kí ata ta wọ́n sí i ni, kí n jẹ́ kóun gbé Chenin Blanc, wáìnì funfun kan, wá. Ó gbé ike kan wá, ó kó áìsì sí i, ó bu omi sí i, ó wá da iyọ̀ sí i! Ó ní iyọ̀ máa jẹ́ kó tètè tutù. Òótọ́ ni, kò tó ìṣẹ́jú 15 tí ìgò yẹn fi ń làágùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkọ́kọrẹ́ yẹn, ewùrà ẹ̀ rọ̀, ẹja yíyan pọ̀ nínú ẹ̀, ata ẹ̀ ò ṣeré rárá, tí o bá wá fi wáìnì tútù yẹn lé e, kíkan ẹ̀ á fọ epo kúrò lẹ́nu ẹ, adùn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ á pẹ̀tù sí ata, ẹnu ẹ á tún máa wá òkèlè mìíràn. Mi ò rò ó rí pé oúnjẹ wa àti wáìnì lè bára wọn mu báyẹn. Ìyá ní, "Èyí jọ ẹmu àfẹ̀mọ́júmọ́ o," wọ́n na gíláàsì sí i kó tún bu sí i. Ọ̀rọ̀ wọn padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí bàbá wọn ṣe máa ń gbé akèrègbè bọ̀ láti oko. Mo fẹ́ sunkún.

Ọ̀jọ̀jọ̀ wọn mu epo jù, ó sì ti tutù.

Owó dé, wọ́n ka ìgò méjèèjì mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé títí, mánéjà yọ ₦5,000, POS ò ṣiṣẹ́, mo ṣe tiránsífà. Mo fún ọmọbìnrin yẹn ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì sọ fún mánéjà lójú ẹ̀ pé òun ni kí wọ́n fi ìtọ́jú wáìnì lé lọ́wọ́.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la tún ń gbé Ìyá lọ, àwọn fúnra wọn ló ní kí n pe ibẹ̀ kí wọ́n ti fi funfun yẹn sínú áìsì dè wọ́n.