AdwCleaner rèé o, ẹ má tíì sanwó fọ́máàtì

Èkìtì Kéte, ẹ kú ìnáwó dátà o. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ò wọ́n wa l'Ádó níbí, ẹ rìn láti Fájuyì dé Òkèsà, ẹ kọjá sí Ìwòròkò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ EKSU, ṣọ́ọ̀bù wọn kún gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ bá wọn pé ìpolówó ló ń já lù yín ṣáá tẹ́ ẹ bá ti ṣí Chrome, ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí wọ́n tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á ti ní fáírọ́ọ̀sì ni, fọ́máàtì ló kàn. Fọ́máàtì kẹ̀! Torí ìpolówó? Fọ́tò ìsìnkú bàbá, lẹ́sìnnì nóòtì, project ọmọ tó ń dúró de sùpáfáísọ̀, ẹ wá fẹ́ nu gbogbo ẹ̀ nù. Ẹ gbọ́ ti AdwCleaner ná, irinṣẹ́ tó ń gbá àpù ìpolówó kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Orí láàpútọ́ọ̀pù àǹtí mi tó jẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti lò ó. Tiwọn ti kọjá sísọ, ojú ewé àkọ́kọ́ Chrome ti di nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n á wá ọ̀rọ̀ kan báyìí, ó di ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́. Àǹtí ní àwọn ò fi nǹkan kan síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpù ọ̀fẹ́ tó ń sọ PDF di Word jókòó síbẹ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan tó ń pín àpù ọ̀fẹ́, owó ń wọlé fún wọn lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bá ẹlòmíì gbé ẹrù wọ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ Next, Next, Next, wọ́n ti bá yín fi àmì sí àpótí kékeré kan pé ẹ gbà. Torí pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ ni wọn ò fi kà á sí fáírọ́ọ̀sì gidi, PUP (potentially unwanted program, àpù téèyàn lè má fẹ́) ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dé kóòtù o, ní 2016 iléeṣẹ́ Enigma Software pe Malwarebytes, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àpù tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, lẹ́jọ́ l'Amẹ́ríkà torí pé wọ́n ka ọjà ẹ̀ mọ́ PUP.

AdwCleaner yìí, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Xplode ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2011, Malwarebytes wá rà á ní 2016. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, kò sì gba ínstọ́ọ̀lù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì á ṣí, ẹ tẹ Scan, á to ohun tó rí sílẹ̀, ẹ tẹ Quarantine, á pa gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣí dé (torí náà ẹ sefu iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì rí i pé bátìrì kún, ẹ ṣáà mọ iná wa), kọ̀ǹpútà á kú á tún tàn, ó tán. Ohun tó wù mí jù ni pé kì í dédé pa nǹkan rẹ́, àtìmọ́lé ló ń kó wọn sí, tó bá ṣèèṣì mú aláìṣẹ̀, ẹ lè gba béèlì ẹ̀.

Ó tún máa ń to àpù tó bá láàpútọ́ọ̀pù wá látinú páálí sọ́tọ̀. Ìyẹn dáa, torí ọjà tuntun náà ò mọ́ tán, ṣé Lenovo ò kó Superfish sínú láàpútọ́ọ̀pù ni, tó ń ki ìpolówó bọ inú ohun téèyàn ń wò, kí àṣírí tó tú ní 2015? Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú mú gbogbo wọn, òmíì ló ń bá bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù yín ṣiṣẹ́.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Kì í ṣọ́lé ni mo fi yọ ọ̀kan, ohun tó ti wọlé ló ń kó jáde, tẹ́ ẹ bá tún dáńlóòdù ìranù lálẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Windows nìkan ló sì ń bá ṣe. Ìkìlọ̀ pupa tó ń yọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún pé kọ̀ǹpútà yín ti kó àrùn, ẹ má retí kó bá yín yanjú ìyẹn, ẹ̀yin lẹ tẹ Allow fún wẹ́ẹ̀bù kan níbi tẹ́ ẹ ti ń wá fíìmù. Ẹ wọ Settings inú Chrome, Privacy and security, Site settings, Notifications, ẹ yọ gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ ò mọ̀ dànù. Chrome tiẹ̀ ní irinṣẹ́ tiẹ̀ tó ń gbá irú ìdọ̀tí yìí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ ní 2023. Malwarebytes.com ni kẹ́ ẹ ti mú AdwCleaner o, èyí tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó gbá nǹkan, ayédèrú ni.

Fún ìṣọ́lé, Windows 10 ní tiẹ̀ láti 2020. Ẹ ṣí Windows Security, App & browser control, ẹ wọ Reputation-based protection, ẹ wò ó bóyá Potentially unwanted app blocking wà ní On. Ti àǹtí wà ní Off. Ẹni tó bá wọn fi Office ọ̀fẹ́ sí i ló pa á, ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́.