Àyẹ̀wò àtòjọ Stanford: ibi tó ti wúlò àti ibi tó ti kùnà fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé

Lọ́dọọdún ni John Ioannidis ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé àtòjọ àwọn olùwádìí tí iṣẹ́ wọn ń gba ìtọ́kasí jù lọ lágbàáyé (ìyẹn ni pé àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ń tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn) jáde, bó bá sì ti jáde ni àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà máa ń polongo orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn tó wọ “Top 2%”, ìyẹn ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lókè, bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi wọ́n jẹ. Kò sí oyè níbẹ̀. Fáìlì Excel ńlá ni, inú Scopus, àkójọ ìwé ìwádìí àti ìtọ́kasí tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Elsevier, ni a ti fa nọ́ńbà rẹ̀ yọ, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Apá tó kan ìmọ̀ ilẹ̀ ayé nìkan ni mo yẹ̀ wò. Irinṣẹ́ gidi ni fún ẹni tó bá fara balẹ̀ ka òpó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ́ pé ipò nìkan ló ń wá yóò ṣìnà.

Ohun tó mú kí ó sàn ju h-index lásán ni pé ó ń bèèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́. Ní ti h-index tí Jorge Hirsch gbé kalẹ̀ ní ọdún 2005, bí ìwé 20 tí ènìyàn kọ bá ní ìtọ́kasí 20, ó kéré tán, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20 ni h rẹ̀, ìbáà ṣe òun nìkan ló kọ wọ́n tàbí òun ni ẹni ọgbọ̀n nínú àwọn tó kọ ọ́. Nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́, níbi tí ìwé ọdún 2020 lórí ERA5, àkójọ dátà ojú ọjọ́ àgbáyé, ti ní òǹkọ̀wé tó lé ní 40, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òṣùwọ̀n mẹ́fà ni Ioannidis pa pọ̀: àpapọ̀ ìtọ́kasí, h-index, irú h mìíràn tó ń pín ìyìn láàárín àwọn tó jọ kọ ìwé, àti mẹ́ta tó ń wo ìwé tí ènìyàn dá kọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú, àti èyí tí orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó tún ń fi hàn bí ipò náà ṣe rí bí a bá yọ ìtọ́kasí tí ènìyàn ṣe sí iṣẹ́ ara rẹ̀ kúrò. Nítorí èyí nìkan, mo lè gba fáìlì náà. Àmọ́ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ọjọ́ orí òkúta, tí orúkọ rẹ̀ kì í kúrò ní àárín, kò rí nǹkan kan mú nínú mẹ́ta ìkẹyìn yẹn.

Ìṣòro tó tóbi jù ni ti ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé máa ń tọ́ka sí. Ìwé Sun àti McDonough ti ọdún 1989 lórí òkúta basalt ilẹ̀ òkun gba ìtọ́kasí tó pọ̀ rẹpẹtẹ, nítorí pé nọ́ńbà inú rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò kẹ́míkà òkúta ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìwé Vine àti Matthews ti ọdún 1963, tó fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú ilẹ̀ òkun ṣàlàyé bí ilẹ̀ náà ṣe ń fẹ̀ sí i, ti di ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, kò sì sí ẹni tó ka títọ́ka sí i sí ọ̀ranyàn mọ́. Lawrence Morley tó ní èrò kan náà ńkọ́? Jọ́nà méjì ló kọ̀ láti tẹ ìwé tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Òfo ni ìwé tí a kò tẹ̀ nínú irú àtòjọ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Marie Tharp, ẹni tó ya máàpù ilẹ̀ òkun, tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ti inú iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ní ilé, ọ̀ràn náà tún le sí i. Ìtọ́kasí tí àwọn ènìyàn ṣe láti ọdún 1996 nìkan ni àtòjọ náà ń kà, nígbà tó jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1960 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mosobalaje Oyawoye, ọmọ Ọ̀fà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n jiọ́lọ́jì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kọ ìwé lórí òkúta bauchite. Ẹni tó bá ń ya máàpù ìpele òkúta Ifẹ̀ sí Iléṣà lónìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yẹn ni yóò tọ́ka sí i jù, ọ̀pọ̀ jọ́nà tí a ń tẹ̀ nílé kò sì sí nínú Scopus. Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀: Scopus lè pín Adéyẹmí kan sí méjì nítorí pé lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ yí padà, tàbí nítorí pé ó lọ sílé ọkọ.

Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ lò ó láti fi gbani síṣẹ́ gbọ́dọ̀ wo ipò ènìyàn láàárín ẹ̀ka tirẹ̀, nítorí pé ìtọ́kasí tó sọ ènìyàn di gbajúmọ̀ nínú jiọ́lọ́jì lè máà jámọ́ nǹkan nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́. Òpó ipò nínú ẹ̀ka wà nínú fáìlì náà. Láti ẹ̀dà ọdún 2024 ni wọ́n sì ti fi iye ìwé tí jọ́nà fagi lé kún un, èyí tí n kò tíì rí kí ìpolongo yunifásítì kankan mẹ́nu bà.