Àkáǹtì àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́: báǹkì ńlá tàbí báǹkì orí fóònù?

Pẹ̀lú NIN àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì), ọmọ yunifásítì lè ṣí àkáǹtì sí Kuda, báǹkì orí fóònù, láìkúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Báǹkì ńlá lè ní kó mú fọ́tò àti bíìlì iná wá.

Ọ̀rọ̀ ewu ló ká mi lára jù. Bí báǹkì bá wó, láti 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, ń san owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ fún oníbàárà báǹkì ńlá, mílíọ̀nù 2 fún ti máíkírófáínáǹsì (báǹkì kékeré) bíi Kuda. Bí wọ́n bá sì jí fóònù ọmọ, báǹkì ńlá sábà máa ń ní ẹ̀ka nítòsí tí ọmọ náà lè sáré lọ.

Fún owó oúnjẹ ojoojúmọ́, ti orí fóònù dára. Owó ilé-ìwé ńkọ́? Báǹkì ńlá. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kí òbí bá a ṣí àkáǹtì ọmọdé níbẹ̀.